Bí ẹ ṣe lè fi básíà omi kan kọ́ àwọn ọmọ ìdí tí ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù fi ń rì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà lẹ́sìn tá a jọ wà n'Íjẹ̀bú-Òde àti agbègbè ẹ̀, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń jókòó ti ọmọ nídìí àṣetiléwá. Tá a bá kan Ogun Àgbáyé Kejì nínú ìwé ìtàn, ogun Hitler tí àwọn bàbá wa ń pè é, gbólóhùn kan péré ni ìwé máa ń sọ, pé ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì yin tọ́pídò, bọ́m̀bù tó ń sáré lábẹ́ omi, lu ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó rì, ó tán. Àwọn ọmọ á dà á kọ sí nóòtù, wọ́n á há a sórí, tí ìdánwò bá ti parí wọ́n ti gbàgbé nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ọkọ̀ tó gùn ju mítà 240 lọ, tí èèyàn bí i 1,500 wà nínú ẹ̀, tó ń gbé bàálù rìn lórí òkun, báwo ni tọ́pídò ẹyọ kan ṣe wá rì í.

Ọkọ̀ Ark Royal ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní lọ́kàn. Ọjọ́ 13 November 1941, ó ń darí bọ̀ láti ibi tó ti lọ já àwọn bàálù Hurricane tó ń lọ sí erékùṣù Malta, ó ti sún mọ́ Gibraltar, èbúté àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó fẹ́ẹ̀ dé ilé, aago 3:41 ọ̀sán ni tọ́pídò kan láti inú U-81, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, bá a lábẹ́ ikùn lápá ọ̀tún. Aago 6:19 àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó rì. Ẹ wo wákàtí tó wà láàárín ìyẹn, ó lé ní mẹ́rìnlá! Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú àwọn ọmọ dé nìyẹn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé tọ́pídò kàn ń lu ihò ni, ibi tí omi bá gbà lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì àti èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀, òun gan-an ló ń pa ọkọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá, kò wọ́n rárá. Básíà ńlá kan, èyí tẹ́ ẹ fi ń fọṣọ, tó bá jinlẹ̀ dáadáa ó dáa jù. Ike onígun mẹ́rin tó gùn díẹ̀, mẹ́ta, kí wọ́n jẹ́ ọgba, mi ò sì rò pé ẹ máa ra ìyẹn, kò sílé kan n'Íjẹ̀bú tí ike tí wọ́n pín lóde ìnáwó ò kún kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ sáà kó mẹ́ta níbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí wọn. Gọ́ọ̀mù tí àwọn ṣúmékà ń lò, sẹ́lótéèpù, ìṣó kan, ṣíngọ́ọ̀mù, òkúta wẹ́wẹ́, ṣọ́ọ̀kì, àti búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ìwọ̀nyí wà l'Ọ́jà Òkè-Àjé tí ẹ ò bá ní wọn nílé. Fóònù yín lẹ máa fi ka ìṣẹ́jú.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan omi rárá, ẹ kọ́kọ́ ṣe ti orí ilẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí gbogbo ìyókù yé ọmọ. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa òkun sílẹ̀ nínú kíláàsì tàbí ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ fa ọfà ńlá kan tó máa fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá hàn. Ẹ mú ọmọ kan kó jẹ́ ọkọ̀ agbébàálù, ẹ mú òmíràn kó jẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi. Òfin rẹ̀ ni pé tí ọkọ̀ agbébàálù bá gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ abẹ́ omi ò gbọ́dọ̀ gbé ju ẹyọ kan lọ, torí pé nígbà yẹn tí wọ́n bá ti wọ abẹ́ omi, bátìrì ni wọ́n fi ń rìn, ìrìn wọn ò yá rárá. Ẹ ní kó máa lé e. Kò ní bá a láyé. Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹ rẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi jẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo ọ̀hún dáadáa.

Ẹ wá sọ fún wọn pé tí bàálù bá fẹ́ gbéra lórí ọkọ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè bá a gbé bàálù sókè, torí ojú ọ̀nà tó máa sá lé kò gùn. Ẹ ní kí ọmọ tó jẹ́ ọkọ̀ agbébàálù yí padà kó kọjú sí ọfà, ẹ dẹ̀ ti fi ọkọ̀ abẹ́ omi jókòó sí ìdí ọfà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá yẹn á rìn fúnra ẹ̀ wá bá a. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Courageous, ọkọ̀ agbébàálù àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gan-an nìyẹn ní ọjọ́ 17 September 1939, ogun ò tíì pé oṣù kan. Ọkọ̀ ogun kéékèèké mẹ́rin ló ń ṣọ́ ọ, wọ́n ti rán méjì nínú wọn lọ gba ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan sílẹ̀, ló bá yí padà sójú afẹ́fẹ́ láti gbé bàálù, ó sì ṣe wẹ́kú níwájú U-29 tí Otto Schuhart jẹ́ ọ̀gá ẹ̀. Tọ́pídò méjì bá a, iná ọkọ̀ kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí i ogún ìṣẹ́jú péré ó ti rì, èèyàn 519 ló bá a lọ, ọ̀gá ọkọ̀ náà wà nínú wọn. Látìgbà yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ti jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ agbébàálù ńláńlá wọn máa lọ ṣọdẹ ọkọ̀ abẹ́ omi mọ́.

Tí ọmọ kan bá ní irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sọ ti Shinano fún un. Àwọn ará Jàpáànù ló ní in, kò sí ọkọ̀ agbébàálù tó tóbi tó o nígbà yẹn, kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí wọ́n gbà á wọ iṣẹ́. Archerfish, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà, ń lé e láàárín òru, kò bá a, àmọ́ Shinano ń rìn kọ́lọkọ̀lọ kí wọ́n má baà rí i yìn, ibi tó ti ń yà sọ́tùn-ún yà sósì ló ti yà wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń sá fún. Tọ́pídò mẹ́rin, ọjọ́ 29 November 1944. Títí dòní kò sí ọkọ̀ tí ọkọ̀ abẹ́ omi rì tó tóbi tó o.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí omi.

Àgbà ni kó lu ihò o, ẹ má gbé e fún ọmọ. Ẹ yan ìṣó lórí iná, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú mú un tàbí àkísà tó nípọn, kẹ́ ẹ lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ike kọ̀ọ̀kan, nísàlẹ̀ dáadáa, kó fẹ̀ tó pẹ́ńsù. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn láti ìta. Ike àkọ́kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe nǹkan kan sí i. Ike kejì, ẹ gé ìdérí sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ògiri mẹ́ta sínú ẹ̀ níbùú, kó di yàrá mẹ́rin, kẹ́ ẹ lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ògiri kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni ilẹ̀kùn, ṣíngọ́ọ̀mù tí wọ́n ti jẹ ni wọ́n á fi máa tì í. Ihò tọ́pídò ti ike kejì yìí, yàrá kejì ni kẹ́ ẹ lu ú sí, ẹ má lu ú sí ti iwájú pátápátá. Ike kẹta, ògiri kan ṣoṣo, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó pín in sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù sùn mọ́jú kó tó kan omi, èyí ṣe pàtàkì, gọ́ọ̀mù tí kò gbẹ ò ní di omi dúró, ìdánwò yín ò sì ní sọ òótọ́.

Òkúta ńkọ́? Ike fúnra ẹ̀ máa ń léfòó, tẹ́ ẹ bá rọ omi kún un kò ní rì, á kàn máa lúwẹ̀ẹ́ kiri lójú omi tí àwọn ọmọ á máa wò yín. Torí náà ẹ to òkúta sí ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má yí, kẹ́ ẹ máa fi kún un títí omi básíà á fi dé nǹkan bí i ìdajì ike náà, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ po búlúù sínú omi básíà. Èyí á jẹ́ kí wọ́n rí omi bó ṣe ń wọlé, kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn náà rí i.

Ike àkọ́kọ́, ẹ gbé e lé omi, ẹ ní kí ọmọ kan fa sẹ́lótéèpù yọ, kí òmíràn tẹ aago orí fóònù. Omi aláwọ̀ búlúù á tú wọlé, á kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, lẹ́yìn náà tí ike bá ti fẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ báyìí gbogbo omi inú á ya lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìyẹn á tún jẹ́ kó fẹ̀gbẹ́ sí i, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti lọ. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú sójú pátákó.

Ike kejì, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ fa sẹ́lótéèpù. Yàrá kejì nìkan ló máa kún, ọkọ̀ á wọ omi sí i, orí ẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ á dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró wò ó, kó tó ìṣẹ́jú mélòó kan, kó dá wọn lójú pé kò ní rì. Ẹ gbé e jáde, ẹ da omi inú ẹ̀ nù, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù tuntun. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ yọ gbogbo ṣíngọ́ọ̀mù. Ihò kan náà, ọkọ̀ kan náà, òkúta kan náà. Á rì. Níbi tí mo ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ, ibi yìí ni ariwo ti máa ń dúró, tí ẹnì kan á wá bi mí pé ta ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló gbé wa padà sórí Ark Royal. Bí tọ́pídò ṣe bà á báyìí ló fẹ̀gbẹ́, kò tó ogún ìṣẹ́jú tó ti fẹ̀gbẹ́ dé dígírì 18. Loben Maund tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ rántí bí Courageous ṣe lọ pẹ̀lú èèyàn tó pọ̀ tó yẹn, ó ní kí gbogbo èèyàn jáde sókè. Wọ́n jáde lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sá gòkè láti ìsàlẹ̀, wọ́n fi àwọn ilẹ̀kùn àti ìdérí ihò tí wọ́n ń gbà kọjá sílẹ̀ ní ṣíṣí lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ àtidá omi dúró ò bẹ̀rẹ̀ dáadáa títí ó fi fẹ́ẹ̀ pé wákàtí kan. Omi ń lọ láti yàrá dé yàrá. Nígbà tó dé ibi tí èéfín bọ́ílà, ìkòkò ńlá tó ń se omi tí ọkọ̀ fi ń rí agbára, ń gbà jáde, bọ́ílà ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, iná kú, tí iná bá sì ti kú pọ́ǹpù kú nìyẹn, kò sì sí jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì nínú ọkọ̀ yẹn tó lè dá ṣiṣẹ́ láìsí bọ́ílà. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, wọn ò nílò àlàyé! Ọkọ̀ tó ná wọn lówó tó bẹ́ẹ̀ yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni ò ní. Àwọn ọkọ̀ agbébàálù tí wọ́n kàn lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe sí.

Ike kẹta wá ń kọ́? Ẹ fa sẹ́lótéèpù, apá ọ̀tún nìkan ló máa kún torí ògiri tó wà láàárín, ọkọ̀ á sì dẹ̀gbẹ́ gidi, ẹ máa rí i bí etí ẹ̀ ṣe ń sún mọ́ omi. Kó tó dojú dé, ẹ yára ní kí ọmọ kan bu omi ife kan sí apá òsì díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ á tún dìde dúró. Á wà nísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ àmọ́ kò ní dojú dé. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé omi ni wọ́n fi ń gba ọkọ̀ tí omi ń pa là, àwọn nefì sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ wá tún un ṣe, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bu omi, kí wọ́n rí i pé àsìkò kan wà tí ife omi ò ní ràn án mọ́.

Tàbí tí ọmọ bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ ṣe lè yè bọ́ lọ́wọ́ omi kó tún kú lọ́wọ́ nǹkan mìíràn, ti Taiho, ọkọ̀ agbébàálù àwọn ará Jàpáànù, ni kẹ́ ẹ mú wá. Èyí ò ní ike o, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi epo bẹntiróò tàbí iná ṣe é lábẹ́ bó ti wù kó rí. Lọ́fíńdà lẹ máa lò. Tí ọmọ tó ní ásímà bá wà níbẹ̀, èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ni kẹ́ ẹ fún, ẹ má fín lọ́fíńdà. Ẹ ti fèrèsé, ẹ fín in sí igun kan, ẹ ní kí ọmọ tó bá ti gbóòórùn ẹ̀ nawọ́ sókè. Àwọn tó wà nítòsí nìkan ló máa nawọ́. Ẹ wá tan fáànù, tí kò bá síná kí wọ́n fi àbẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ọwọ́ á fi wà lókè.

Ohun tí wọ́n ṣe nínú Taiho nìyẹn ní ọjọ́ 19 June 1944. Ọkọ̀ tuntun ni, ogun àkọ́kọ́ tó máa jà nìyẹn, Albacore, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà, yin tọ́pídò mẹ́fà sí i, awakọ̀ bàálù Jàpáànù kan tiẹ̀ já bàálù ẹ̀ lu ọ̀kan nínú wọn kó má baà dé ara ọkọ̀, ẹyọ kan péré ló bà á. Ọkọ̀ ò dúró, ó ṣì ń sáré lọ. Àmọ́ táńkì epo bàálù ti ya, òórùn epo ń jáde, ẹni tó ń bójú tó o wá ní kí wọ́n ṣí gbogbo ojú afẹ́fẹ́ kí òórùn náà lè jáde. Kò jáde, ó tàn ká gbogbo inú ọkọ̀ ni. Ní bí i wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí tọ́pídò bà á, iná ṣẹ́ níbì kan, gbogbo ẹ̀ bú gbàmù. Ẹni tó bá ń gba títì Ṣágámù sí Ọ̀rẹ̀ mọ̀ pé tí táńkà epo bá ṣubú, kì í ṣe epo tó ń ṣàn nílẹ̀ nìkan ló yẹ kéèyàn sá fún, òórùn tí ojú ò rí yẹn náà ń rìn, ó sì lè rìn dé ibi tí ẹnì kan ti ń dáná àkàrà. Ẹ lo àpẹẹrẹ yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ ju Jàpáànù lọ, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ là lọ́jọ́ kan.

Nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn yín. Àwọn ọmọ á máa pàtẹ́wọ́ tí ike bá rì, ìgbádùn ni lójú wọn, ẹ má bá wọn wí lójijì. Ẹ kàn gbé ṣọ́ọ̀kì, ẹ kọ iye òkú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Courageous 519. Ark Royal, ẹnì kan ṣoṣo, Edward Mitchell ni orúkọ ẹ̀. Liscome Bay ti Amẹ́ríkà, 644, ìṣẹ́jú 23 péré, ọjọ́ 24 November 1943, torí tọ́pídò ọkọ̀ abẹ́ omi Jàpáànù, I-175, bọ́ sí ìtòsí ibi tí wọ́n kó bọ́m̀bù sí. Doris Miller wà nínú àwọn 644 yẹn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, ilé ìdáná ni wọ́n fi sí torí nígbà yẹn àwọ̀ ara ò jẹ́ kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ míì, síbẹ̀ òun ló di ìbọn mú lọ́jọ́ tí àwọn ará Jàpáànù kọ lu Pearl Harbor, èbúté ológun Amẹ́ríkà, tó ń yìn ín sí bàálù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Navy Cross ti nefì Amẹ́ríkà. Ní 2020, wọ́n kéde pé ọkọ̀ agbébàálù tuntun kan máa jẹ́ orúkọ ẹ̀. Ẹ ka ti Doris Miller fún wọn pẹ̀lú sùúrù. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ orúkọ yẹn ju orúkọ ọ̀gá ogun èyíkéyìí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀. Èyí gan-an ni wọ́n fẹ́ràn jù, pàápàá àwọn tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. February 1942 ni wọ́n gbé Maund lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun. Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Àwọn kan á ní ó jẹ̀bi, pé kò fi àwọn tó mọṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn kí wọ́n máa dá omi dúró nígbà tó ní kí gbogbo èèyàn jáde, pé ọkọ̀ tí ì bá dé Gibraltar ló fọwọ́ fà rì. Àwọn tó kù á ní ẹ wo ti Courageous, ta ló mọ̀ pé Ark Royal máa dúró tó wákàtí mẹ́rìnlá, ẹni tó kó bí i 1,500 ọmọ ọlọ́mọ jáde láàyè, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe. Ẹ má dá sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn fà á, kí wọ́n lo ike kejì láti fi ṣe ẹ̀rí tí wọ́n bá fẹ́. Tí wọ́n bá dìbò tán kẹ́ ẹ tó sọ ìdájọ́ fún wọn: wọ́n dá a lẹ́bi àìbìkítà lọ́nà méjì, àmọ́ ilé ẹjọ́ náà gbà pé ẹ̀mí àwọn èèyàn ẹ̀ ló jẹ ẹ́ lógún. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn tọ́, mi ò sì lè dá ọkùnrin yẹn lẹ́bi nínú ọkàn mi, tí àwọn ọmọ bá bi yín léèrè ẹ sọ tiyín náà fún wọn láìfi pa mọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ máa fún wọn lọ sílé: kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbà tó bá wà nínú ilé bóyá ẹnì kan nínú ẹbí lọ sógun Bọ́mà. Ọkọ̀ ojú omi ló kó àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Íńdíà láti 1943 lọ, gbogbo wọn ló gba òkun tí ọkọ̀ abẹ́ omi lè wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá rí fọ́tò tàbí mẹ́dà, kí wọ́n má gbé e wá síléèwé o, fóònù ni kí wọ́n fi yà á, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà àti ìlú ẹ̀ sísàlẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó ni àbí Ìkẹ́nnẹ́ àbí Ìsarà.

Ọjọ́ méjì ni kẹ́ ẹ pín gbogbo ẹ̀ sí, ti ṣọ́ọ̀kì àti básíà lọ́jọ́ kan, lọ́fíńdà àti ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì, torí tẹ́ ẹ bá kó o pọ̀, ilé ẹjọ́ yẹn ni kò ní láyè tó. Omi búlúù yẹn, ẹ má dà á síbi tí adìyẹ ti ń mu omi.